Kọ̀ǹpútà Inú Agbọ̀n Obì

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà náà ni pé kò wúwo, ìyẹn gan-an ni kò sì jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Bùọ̀dá Túndé, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ló gbé e wá sílé ní ọ̀sán Sátidé kan, ní ọdún tí mo wọ yunifásítì. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìwó, báàgì pẹlẹbẹ kan wà ní èjìká rẹ̀, eruku sì ti sọ bàtà rẹ̀ di pupa. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí àbúrò ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ mi sì fò sókè ju bí mo ti rò lọ, bí ìgbà tí èèyàn gbé kẹ́ẹ̀gì tó rò pé omi kún inú rẹ̀, tó wá jẹ́ pé òfìfo ni. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Kí ló dé?" ni ó wí. "Láàpútọ́ọ̀pù ẹ ló wà níbẹ̀. Má jẹ́ kó bọ́ o." Mo ní ẹ ṣeun, Bùọ̀dá. Mi ò sọ pé inú mi dùn. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé inú tèmi kì í tètè dùn. Ó máa ń kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Nítorí èyí ni bàbá mi ṣe ń pè mí ní Adájọ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, orúkọ náà sì ti mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu, àyàfi Màmá Àgbà tó ń fi oríkì mi, Àbẹ̀ní, pè mí.

Ilé wa kì í dákẹ́ nígbà yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ìró ìgbálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gba àgbàlá, lẹ́yìn náà ni orin àdúrà òwúrọ̀ tí Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń dá, tí àwa yòókù ń gbè. Kò pẹ́ tí a bá ṣe àmín ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kẹkẹkẹ, yóò dúró, yóò tún bẹ̀rẹ̀, rédíò bàbá mi yóò sì máa sọ̀rọ̀ lórí ariwo rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lẹ́nu. Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Obì ni Màmá Àgbà ń tà. Ó máa ń lọ rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Kuta, a ó sì jókòó yí i ká ní àgbàlá, a ó máa bó èèpo funfun rẹ̀ tó ti rọ̀ nínú omi, ọwọ́ wa á máa yọ̀, èékánná wa á sì pọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ tèmi lẹ́yìn ìyẹn ni kí n pọn omi kún àmù, ìkòkò omi ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó jókòó lórí iyanrìn tútù, kí n sì gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé wá fún Màmá Àgbà. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ìdí àmù yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ obì díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Obì tí a kó jọ sínú agbọ̀n máa ń gbóná. Bí èèyàn bá gbàgbé rẹ̀, á làágùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Màmá Àgbà máa ń ki ọwọ́ bọ agbọ̀n bí ìyá tó ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ, á ní, "Ara ẹ̀ ti ń gbóná," á sì da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, á ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀, á tún fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun tẹ́ inú agbọ̀n, á kó èyí tó dára padà, á fi ewé bò ó, á wá gbé agbọ̀n náà sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Kì í lo ewé kankan tí kò bá tíì fi aṣọ gbígbẹ nù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í léèrè ìdí tí a fi ń nu ewé tí a fẹ́ gbé sídìí omi. Ó ní, "Ìtutù ni mo fẹ́, n ò fẹ́ omi. Omi ló máa bà á jẹ́." Mo rántí pé mo ronú sí i títí, mo sì gbà pé òótọ́ ni. Àwọn obìnrin míì ní ọjà máa ń bu omi wọ́n tiwọn. Obì tiwọn kì í pẹ́ tó ti Màmá Àgbà.

Màmá Àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ohun tuntun yòówù tó bá wọ ilé wa, kó sì gbàdúrà sí i. Nítorí náà, a gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá a lórí àga rẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀ rárá. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e, bó ṣe máa ń gbé obì wò kó tó rà á.

"Túndé, ṣé nǹkan inú ẹ̀ pé?"

"Ó pé, Màmá."

"Ta ló kà á?"

Ẹ̀rín pa ẹ̀gbọ́n mi. "Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyẹn. Wọn kì í jẹ́ kó wúwo mọ́."

"Obì tó bá fúyẹ́ báyìí, n kì í rà á. Kòkòrò á ti jẹ inú ẹ̀ tán."

"Kì í ṣe obì o, Màmá."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe obì. Ojú ló ń ṣe mí, orí mi ò tíì ṣe mí." Ó gbàdúrà sí i, ó sì gbé e fún mi. "Àbẹ̀ní, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Bí ẹni pé ó mọ ohun tó wà lọ́kàn mi ni. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí mo ti lò rí ni ti bàbá mi, ògbólógbòó kan tó wúwo bí búlọ́ọ̀kù, tó máa ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta, tí bọ́tìnnì mẹ́ta sì ti yọ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, òun náà á kú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún tó pọ̀, mo sì ti so ìwúwo rẹ̀ mọ́ agbára rẹ̀ láìmọ̀. Bùọ̀dá Túndé wá sọ fún wa pé ẹni tó ta tuntun yìí fún òun tún ní òmíràn tó nípọn, tó wúwo, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, owó wọn kò sì yàtọ̀. Ó ní ọkùnrin náà fún wa ní ọjọ́ méje. Bí a bá rí àléébù kankan, kí a dá a padà, a ó sì gba onínípọn náà dípò. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ọ̀rọ̀ ti tán. "Sátidé tó ń bọ̀ ni mo máa padà wá," ló wí. "Kó o ti mọ èyí tó o fẹ́. Ẹyọ kan náà ni o máa fi parí ilé ẹ̀kọ́ o. Mi ò lè ra òmíràn láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, Bàbá náà ò sì lè rà á." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Adájọ́ jókòó."

Mo jókòó lóòótọ́. Mo mú ìwé kékeré kan, mo kọ gbogbo ohun tí ọkùnrin tó ta á sọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ fún ohun tí èmi fúnra mi bá rí. Ó ní bátìrì rẹ̀ á gbé e láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo yọ wáyà rẹ̀ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, mo sì ń lò ó títí. Ó kú nígbà tí ìyá mi ń bu ẹ̀wà àti gaàrì ọ̀sán. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: kò dé ìrọ̀lẹ́, ó kọjá ọ̀sán, ó tó fún kíláàsì. Wọ́n ní ó fúyẹ́. Mo gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nínú kẹ̀kẹ́, mo tún gbé e gun òkè dé kíláàsì tó wà ní àjà kẹta, èjìká mi kò sì mọ̀. Mo kọ ìyẹn náà. Ìró rẹ̀ kò tó ti ẹni tó ń mí. Àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ kò jìn bíi ti bàbá mi, mo sì máa ń ṣi lẹ́tà tẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìka mi ti mọ ọ̀nà. Ní ti ojú rẹ̀, ó fẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí fèrèsé pálọ̀. Mo lè tẹ́ ìwé tí olùkọ́ wa fi ránṣẹ́ sí wa sí apá òsì, kí n máa kọ tèmi ní apá ọ̀tún, láìtún máa ṣí ọ̀kan pa èkejì. Mo gbà pé àǹfààní ni, mi ò kàn mọ̀ bóyá àǹfààní náà tó láti gbàgbé àléébù kan ṣoṣo tí mo rí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gbóná. Bí mo bá ti fi iná sí i, tí mo sì ń lò ó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ikùn rẹ̀ á gbóná débi pé mi ò lè fi ọwọ́ síbẹ̀ pẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo kọ ọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò kọ sínú ìwé náà, torí mi ò mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo máa kọ ọ́ sí. Mo fẹ́ mọ bí ìka mi ṣe yá tó lórí bọ́tìnnì, mo sì mú ìwé orin ìjọ Màmá Àgbà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orin kan láti inú rẹ̀, orin tó gùn, ẹsẹ mẹ́fà. Màmá Àgbà wá jókòó tì mí, ó ní kí n fi hàn òun. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ láti nǹkan bí ọdún mélòó kan. A ti gbìyànjú fóònù rí, ṣùgbọ́n bí a bá sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, ọ̀rọ̀ kan á wà lókè, ìdajì ọ̀rọ̀ kan á wà nísàlẹ̀. Màmá Àgbà ní fóònù yẹn ń kólòlò. Mo sọ lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà náà di ńlá, mo tún sọ ọ́ di ńlá sí i, ìlà orin náà sì wà lódindi, láti òsì dé ọ̀tún, kò já. Màmá Àgbà na ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ka ẹsẹ kìíní àti ìkejì bí ẹni tí kò nílò ìwé. Nígbà tó dé ẹsẹ kẹta, ohùn rẹ̀ yí padà, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, mo sì mọ̀ nígbà náà pé ó ti pẹ́ tó ti kàn máa ń kùn tẹ̀ lé orin láti ẹsẹ kẹta lọ. Orin méjì mẹ́ta tó mọ̀ lórí ló ń dá fún wa láràárọ̀. Mo ti ń gbè é fún un láti ọdún yìí wá, èmi tí mo ń wo nǹkan fínnífínní, mi ò sì fura. Ó parí ẹsẹ kẹta, ó fi ìka sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kẹrin, ó ní, "Jẹ́ kó dúró síbí fún mi. Mo máa padà wá bá a."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ń jẹ iṣu àti ẹ̀fọ́ rírò ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi bi mí léèrè ibi tí ẹjọ́ dé. Mo ka ìwé mi fún wọn, ohun tó dára ṣíwájú. Ìyá mi ní, "O ṣeun o, ọmọ mi, ṣé kò sí ìkankan tó wù ọ́ níbẹ̀ ni?" Mo ní ó wù mí. Mo wá sọ nípa ooru náà. Mo ní ohun tó fúyẹ́ tó báyìí, tó sì ń gbóná tó báyìí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò rò pé ó máa lo ọdún mẹ́rin. "Bí kò bá yí padà, ẹ jẹ́ kí Bùọ̀dá gbé e padà, kí wọ́n fún wa ní onínípọn yẹn." Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ mi mọ́gbọ́n dání. Màmá Àgbà kàn dá iṣu inú àwo rẹ̀ sí méjì, ó tún dá a sí mẹ́rin, kò sì jẹ ẹ́.

Ní òwúrọ̀ Fúráìdeè, kíláàsì kan ṣoṣo ni mo ní, nítorí náà mi ò gbé kọ̀ǹpútà náà dání. Mo fi í sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi iná sí i, mo sì lọ. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo dé. Mo kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí obì Màmá Àgbà tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní láìsí ewé lórí rẹ̀, mo sì rìn kọjá. Nígbà tí mo dé yàrá, wáyà nìkan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá mi, ṣé ẹ bá mi gbé láàpútọ́ọ̀pù?"

"Rárá o." Ẹ̀rọ rẹ̀ kò tilẹ̀ dúró. "Wo abẹ́ ìrọ̀rí."

Mo wo abẹ́ ìrọ̀rí, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo inú àpótí aṣọ. Mo ní àbí ẹnì kan wọlé. Ìyá mi ní, "Gba ibo? Mi ò kúrò nídìí ẹ̀rọ yìí láti ìgbà tí mo ti lọ ra òwú dé. Àfi bó bá gba inú àjà." Ọ̀la ni ọjọ́ keje. Bí mo bá fẹ́ dá a padà, ó yẹ kó wà lọ́wọ́ mi. Bí mi ò bá sì dá a padà, ó yẹ kí n rí i lò. Nísinsìnyí, ó dà bí ẹni pé mi ò ní ní ìkankan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí Màmá Àgbà fi dé láti ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìborùn rẹ̀ ní èjìká, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bi í.

"Hẹn, mo ti gbé e síbi tó tutù," ló wí, bí ẹni tó ń sọ nípa ọbẹ̀. "Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀, ó gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo yọ okùn ẹ̀ kúrò, mo sì tọ́jú ẹ̀."

Mo tẹ̀ lé ojú rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Agbọ̀n obì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù lórí iyanrìn tútù, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó lórí dáadáa. Mo ṣí ewé àkọ́kọ́, mo ṣí ìkejì, mo ṣí ìkẹta. Ó wà níbẹ̀, ó sùn láàárín ewé tútù bí ìgbà tí wọ́n di ẹ̀kọ. Mo gbé e jáde, ó tutù lọ́wọ́ mi bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Kí n tó ro nǹkan kan, ẹnu mi ti sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ ti bà á jẹ́! Ẹ ti bà á jẹ́ pátápátá!"

Ẹ̀rọ ìyá mi dúró. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?" ni ó wí. "Ṣé ìyá bàbá rẹ nìyẹn, àbí ẹgbẹ́ rẹ ní kíláàsì?" Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà, kọ̀ǹpútà náà ní àyà mi, omijé sì ń bọ̀. Màmá Àgbà kò bínú. Ó jókòó sórí àpótí tí ó fi ń ta obì, ó tú ìborùn rẹ̀ kúrò.

"Mo nu ewé yẹn," ló wí. "Mo nù ún lẹ́ẹ̀mejì."

Mo fi etí aṣọ mi nu omijé.

"Ìwọ lo ní ó ń gbóná. O ní torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa gbé e lọ." Ó fọwọ́ kan etí ara rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá nira fún un. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, Àbẹ̀ní. Mi ò tíì ka ẹsẹ kẹrin."

Nígbà tí bàbá mi ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó gbọ́ tẹnu gbogbo wa. Ó mú aṣọ gbígbẹ, ó nu ara kọ̀ǹpútà náà, ó sì wo aṣọ náà lójú ìmọ́lẹ̀. Kò rí omi níbẹ̀, oje ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló rí. Síbẹ̀ ó ní bí òtútù bá ti wọ inú rẹ̀, iná lè pa á, kí ẹnikẹ́ni má tàn án títí di ọ̀la. Ó ṣí i díẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé orí tábìlì bí ìwé tí èèyàn kà dé àárín. Ó pe Bùọ̀dá Túndé lórí fóònù. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú fóònù náà: "Nínú kí ni? Nínú agbọ̀n kí ni?" Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní bí omi bá ti kàn án, ọkùnrin yẹn kò ní gbà á padà láéláé, kò sì ní fún wa ní òmíràn. Mo gbọ́ ọ. Màmá Àgbà náà gbọ́ ọ. Nígbà àdúrà ìrọ̀lẹ́, kò dá orin. Ìyá mi ló dá a.

Mo ti ronú lórí ìrọ̀lẹ́ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti fi ọjọ́ márùn-ún gbé ọ̀rọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ rí yẹ̀ wò, mo fún un ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú ìwé mi, mi ò sì dá a lẹ́bi láìní ẹ̀rí. Màmá Àgbà tó tọ́ mi, tó kọ́ mi láti nu ewé, mi ò fún un ní ìṣẹ́jú kan. Mo mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í jẹ́ kí omi kan ohun tó ń tọ́jú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà bóyá obì lè tutù nínú agbọ̀n yẹn láìṣe pé ó rin, mo máa ní bẹ́ẹ̀ ni láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bùọ̀dá Túndé dé kí oòrùn tó gun orí. Kò jókòó, kò mu omi. Gbogbo wa yí tábìlì ká, àyàfi Màmá Àgbà tó wà lórí àga rẹ̀ tó kọ ojú sí àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ òórùn ara kọ̀ǹpútà náà, ó mi orí. Ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fi ìka sí i, kò gbé e kúrò. Mo ń ka nọ́ńbà lọ́kàn. Ojú kọ̀ǹpútà náà mọ́lẹ̀ gbòò, ó dúró díẹ̀, orin náà sì jáde pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá rẹ̀, níbi ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kẹrin, bí a ṣe fi í sílẹ̀.

"Ó tàn!" ni ìyá mi wí. Bàbá mi ní, "Ẹ fara balẹ̀ ná." Bùọ̀dá Túndé tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi iná sí i, gbogbo rẹ̀ pé. Ó wá yíjú sí mi.

"Ó dáa, ooru tí wọ́n ń sọ yẹn ńkọ́? Ibo lo ti máa ń lò ó?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Lórí fóòmù? Adájọ́!" Ó yí ìdí kọ̀ǹpútà náà sókè, ó fi àwọn ihò tín-ín-rín kan hàn mí, wọ́n tò bí eyín ìyarun. "Ihò yìí ló fi ń mí. O wá gbé e lé fóòmù, o dí i nímú. Ìwọ náà á gbóná." A fi í sílẹ̀ lórí tábìlì pẹ̀lú iná lára rẹ̀ títí a fi jẹun tán. Èmi fúnra mi lọ fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́, kò gbóná. Mo dúró, mo tún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá mi lójú. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí lára rẹ̀, tí mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, èmi ni mo fi síbẹ̀.

"Ó kù sọ́wọ́ Adájọ́," ni bàbá mi wí. "Kí Túndé gbé e padà, àbí kí ó fi í sílẹ̀?"

Mo ní ẹ jẹ́ kó wà. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Màmá Àgbà, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Mo sọ̀rọ̀ kí n tó wò ó." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà pọ́n ní etí èékánná. "Ó ti tán," ló wí. "Dìde. Wá bá mi ṣa obì." Ìgbà yẹn ni mo tó rántí obì tó wà lórí ẹní láti òwúrọ̀ àná, tí Màmá Àgbà kó kúrò nínú agbọ̀n kí kọ̀ǹpútà mi lè ráyè sùn. Ọyẹ́ ti fẹ́ sí i. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti ń hunjọ, ara rẹ̀ ti di bí ara àgbàlagbà. Màmá Àgbà kò mẹ́nu bà á. A jókòó, a ṣà á, èmi gé ewé tuntun wá, mo sì nu ìkọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a parí, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wá jókòó níwájú tábìlì, ó sì ka ẹsẹ kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà, ìka rẹ̀ ń bá ìlà kọ̀ọ̀kan lọ láti òsì dé ọ̀tún.

Kọ̀ǹpútà náà lo ọdún mẹ́rin, ó tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Òun ni mo fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi. Àbàwọ́n oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó rí bí àwòrán odò tó ya ẹnu mẹ́ta, n kò sì gbìyànjú láti fọ̀ ọ́ rí. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí mo bá wà nílé, mo máa ń tẹ orin kan láti inú ìwé Màmá Àgbà sínú rẹ̀, títí ìwé náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nísinsìnyí fún mi ní òmíràn, nítorí náà mo fi èyí sílẹ̀ fún Màmá Àgbà. Lórí tábìlì kan náà, lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ní òpin ọ̀sẹ̀ tí mo wá kí wọn. Ẹ̀rọ ìyá mi ń ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá Àgbà ti wá dúró lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n sún kí òun lè ka orin, pé ó tó àkókò àdúrà ìrọ̀lẹ́. Ó tún wá lẹ́ẹ̀kẹta. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ kọ̀ǹpútà náà, ó gbé e sókè díẹ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ó ti wúwo sí i ju ìgbà tó dé lọ," ló wí. "Gbogbo orin yẹn ni."

Mo mọ̀ pé lẹ́tà tí èèyàn tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kì í ní ìwọ̀n. Mi ò bá a jiyàn. Mo dìde, mo fi àga sílẹ̀ fún un.